Ìgbà Tí Agbo Ẹṣin Fọlárìn Yóò Yí

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ òmìnira Nàìjíríà, kí oòrùn tó mú dáadáa, Fọlárìn gbẹ́nàgbẹ́nà wọ ọgbà ilé àdúrà Ìyá Elizabeth ní ẹ̀gbẹ́ oríta Òrè. Fọlárìn lo ọdún méjì ní Èkó, ó sì ti fi ọdún méjìlá ròyìn rẹ̀. Kò sí ohun tí èèyàn lè bi í tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ìyá Elizabeth jókòó sórí àpótí nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá."

"Kú àárọ̀. Dúró síbẹ̀ yẹn."

"Ẹsẹ̀ mi mọ́, Ìyá."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ ni mo ń wò."

Fọlárìn dúró. Ó yọ pẹ́ńsùlù tó wà ní etí rẹ̀, ó wò ó, ó dá a padà.

"Ìyá, mo gbọ́ pé ẹ sọ nínú ìwàásù lọ́jọ́ ìsinmi pé kí ẹnikẹ́ni má dé pápá lọ́jọ́ òmìnira."

"Mo sọ ọ́."

"Pé ẹni tó bá débẹ̀, kó má padà wá síbí mọ́."

"Mo sọ ìyẹn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́, torí àwọn tó ń sùn."

"Ìyá, ìdajì Òrè ni ọmọ ìjọ yín. Bí wọn kò bá wá, ta ni mo fẹ́ ṣí i fún?"

"Ohun tí mo sọ fún wọn gan-an nìyẹn. Ìdajì Òrè lo fẹ́ kó lọ."

"N kò kó wọn lọ síbì kan. Wọn á lò ó díẹ̀, wọn á sì padà sílé."

"Bí gbogbo yín ṣe ń sọ nìyẹn. Mélòó lo tilẹ̀ kó wá?"

"Mẹ́jọ."

Ọ̀bẹ dúró lára ẹ̀gẹ́.

"Mẹ́jọ! Lójúmọ́ kan ṣoṣo?"

"Ọ̀kan kò lè dá yí, Ìyá. Wọ́n gbọ́dọ̀ pé mẹ́jọ kó tó dọ́gba. Mo ṣírò ó."

"Mẹ́ta péré là ń bá yí nílùú yìí láti ìgbà tí mo ti débí, ariwo rẹ̀ kò sì jẹ́ ká sùn."

"Mẹ́ta? Níbo? Èmi kò rí ẹyọ kan rí ní Òrè. Igbó ibí kò gbà wọ́n, Ìyá. Eṣinṣin ní ń pa wọ́n."

Ìyá Elizabeth yíjú wo àgbélébùú tó wà lórí òrùlé ilé àdúrà rẹ̀. Ó tún yíjú padà wo Fọlárìn.

"O dúró síbí yìí, o ní o kò rí ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan péré, n kò rí i."

"Ó dára. Kí ló wà láàrin àwọn mẹ́jọ tìrẹ?"

"Òpó. Ojúlówó ìrókò. Òun ni gbogbo wọn á máa yí po."

"Ìrókò."

"Èmi fúnra mi ni mo gé e ní ọ̀nà Omifúnfun."

"Ọlọ́run májẹ̀mú. Wọn á máa yí ìrókò po. Kí ni yóò wá máa gùn wọ́n?"

"Kì í ṣe kí ni, Ìyá, ta ni. Àwọn ọmọdé. Àgbà náà lè gùn, bí kò bá ti sanra jù."

"Bí gígùn yẹn bá bẹ̀rẹ̀, kí ní ń ṣẹlẹ̀ sí wọn?"

Inú Fọlárìn dùn. Ìbéèrè tó ti ń retí láti ọdún mẹ́ta nìyí.

"Wọn á kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọn á bẹ̀rẹ̀ sí pariwo. Àwọn kan á dijú. Òòyì á kọ́ wọn. Mo rí obìnrin kan l'Ékòó tó bọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, ṣe ló sùn gbalaja sórí iyanrìn, tó ń rẹ́rìn-ín."

Ìyá Elizabeth gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Tiwa gan-an lo jí."

"Ẹ ní irú rẹ̀ níbí?"

Ọdún mẹ́ta ló fi gbẹ́ ẹ, ó rò pé òun nìkan ló ní irú rẹ̀ láti Òrè títí dé Òdìgbó. Ó na ọrùn wo inú ilé àdúrà. Bẹ́ǹṣì ló rí, àti agogo.

"Ìyá, níbo lẹ gbé e sí?"

"A kì í gbé e síbì kan. Inú wa ló wà."

"Inú yín?"

"Àtìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ogún ọdún."

Fọlárìn wá gbèjà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ pé ẹ ní. Ṣùgbọ́n tiyín kò lè ní ìrù bíi tèmi."

"Ìrù."

"Ìrù màlúù. Mo gbà á lọ́wọ́ Gàzálì alápatà. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo sá a, mo fi ìṣó kàn án mọ́ wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan."

Adìẹ kan wá, ó ṣa èèpo ẹ̀gẹ́ kan, ó bá tirẹ̀ lọ.

"Fọlárìn."

"Ìyá."

"Ẹ̀sìn wo ló ní ìrù?"

"Ẹṣin wo ni kò ní?"

"Tún un pè."

"Ẹṣin."

"Ẹṣin. Èyí tó ń jẹ koríko?"

"Tèmi kì í jẹ nǹkan kan, Ìyá, igi ni. Ẹṣin onígi mẹ́jọ lórí agbo kan. Èèyàn á gun ẹṣin, ẹṣin á máa yí po. Eré ìdárayá ni. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

Ìyá Elizabeth mú ọ̀bẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí bẹ ẹ̀gẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Pius akọ̀wé ìjọ ló kà á fún mi lára pátákó tí o gbé sí oríta. Ó ní, Ẹ̀sìn titun yóò ṣí ní Òrè."

"Ẹṣin ni mo kọ!"

"Àmì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọ̀dà ló tán."

Òótọ́ ni. ESIN TITUN YIO SI NI ORE ló wà lára pátákó náà gàdàgbà, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀, kò sì sí nísàlẹ̀.

"Pius tún kà á lẹ́ẹ̀kejì," ni Ìyá wí. "Ó ní ó tún lè jẹ́ ẹ̀sín. Ẹ̀sín titun."

Èyí ló dun Fọlárìn. Ó fà sẹ́yìn, ó jókòó sórí gbòǹgbò igi láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ẹ̀sín ló sáà dà ní Òrè. Bó bá ti ń kọjá, àwọn awakọ̀ á bi í léèrè bóyá ẹṣin rẹ̀ ti jẹun.

"Ó dára," ni Ìyá Elizabeth wí. "Màá sọ fún ìjọ pé ẹranko ni. Ìgbà wo lọ́jọ́ náà lo máa ṣí i?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ àárọ̀ géérégé. Bí àsíá bá ti ń gòkè, ẹṣin á máa yí. Ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀ láti Òkìtìpupa wá wò ó."

"Àṣé eré tí o ti ń ṣèlérí látọjọ́ yìí náà ni, mo rò pé o ti jáwọ́ nínú rẹ̀. O ti kọ́kọ́ sọ pé ọjọ́ tí Ìwọ̀ Oòrùn gba ìjọba ara ẹni."

"Igi kò tíì gbẹ nígbà náà."

"Lẹ́yìn náà o ní ọdún Àjíǹde."

"N kò sọ Àjíǹde ọdún wo."

"O tún wá ní Kérésì. Gbogbo wa dé pápá. Mo gbé àga lọ."

"Ìṣó ló kù, Ìyá. Ìṣó tó yẹ kó ti Èkó wá gba Ìbàdàn lọ."

"Báyìí ńkọ́? Ó ti ń yí?"

"Ó ń yí."

"Ìgbà wo ló yí?"

"Àná."

"Lónìí ńkọ́?"

Fọlárìn wo ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú, èjìká rẹ̀ ọ̀tún sì ti bó níbi tó fi ti agbo náà láti ìdájí.

"Lónìí, kò tíì fẹ́."

"Kò tíì fẹ́."

"Èmi àti ọkùnrin mẹ́rin la jọ tì í. Kò mira. Ṣe ló dà bíi pé a ń ti ilé." Ó wá sọ ohun tó gbé e wá gan-an. "Ìyá, àdúrà ni mo bá wá."

"Ìwọ lo sọ ní ilé ẹlẹ́mu pé ẹni tí kò ní òòlù ló ń gbàdúrà."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta."

Ìyá Elizabeth kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò ó. Fọlárìn wá sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì ti kúrò ní ohùn ará Èkó.

"Ìyá, nígbà tí mo wà l'Ékòó, mo rí irú rẹ̀ ní pápá kan tí wọ́n ti ń ṣe ìpàtẹ. Èmi ni mo tún ẹsẹ̀ ẹṣin mẹ́ta ṣe nínú wọn, tó ti dá. Nígbà tí mo ṣe é tán, mo ní kí n gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní àwọn ọmọ oníbàárà ló wà fún. Mo wá sọ fún ara mi pé ọmọ tí mo bá bí, Òrè ni yóò ti gun tirẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Ọládùnní mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ti di ọmọ ọdún méje. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e gun èyí tó kéré jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́ nílẹ̀. Bí mo bá tún sún un síwájú, ọmọ náà á dàgbà kọjá ẹṣin."

Ìyá Elizabeth gbé abọ́ ẹ̀gẹ́ kúrò láàrin ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo gan-an ló yí lánàá?"

"Bí aago méjìlá ọ̀sán. Ó yí bíi pé kò ní dúró mọ́."

"Lánàá, oòrùn mú."

"Ó mú."

"Irin tó wà nídìí òpó yẹn, kí lo fi pa á?"

Orí Fọlárìn wú. Wọ́n ti bi í ní ohun tó mọ̀.

"Àwọn tí kò mọ̀ á ra gírísì òyìnbó. Èmi, mo ronú jinlẹ̀. Mo ní, ohun tí Ọlọ́run dà sílẹ̀ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní Àgbàbú níbí ńkọ́? Ọ̀dà Àgbàbú tó ń sun jáde nínú ilẹ̀ ni mo kì sí i. Garawa méjì."

"O fi ọ̀dà sí i."

"Garawa méjì. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì nípọn."

"Fọlárìn, níbo ni wọ́n ti bí mi?"

"Ẹ̀yin? Àgbàbú."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá mi ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń kan ọkọ̀ ojú omi."

"Kí ló fi ń dí ihò ara ọkọ̀ kí omi má bàa wọlé?"

"Ọ̀dà."

"Láàárọ̀," ni Ìyá wí, "ọ̀dà a máa le bí òkúta. Bí oòrùn bá kan àtàrí, á rọ̀, á máa ṣàn. Bó bá di alẹ́, á tún le padà. Ohun tí àwa fi ń dí nǹkan pa ni o fi sí ohun tí o fẹ́ kó máa yí."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Mo ti ń mọ̀ ọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Àdín ló yẹ ẹ́. Fọ ọ̀dà yẹn kúrò, kí o fi àdín sí i."

"Màá ní láti wó òpó kí n tó débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni."

"Nígbà náà, aago méjìlá ọ̀sán ni kí o ṣí i."

"Aago mẹ́jọ ni ọ̀gá yẹn ń bọ̀, Ìyá! Aago mẹ́sàn-án ló ń padà! Bó bá ti pápá yẹn lọ láìrí i kó yí, wọ́n ní kí n tú u, kí n kó igi mi kúrò, ilẹ̀ ìlú ni."

"Kò ní lọ."

"Ta ni yóò dá a dúró?"

"Èmi."

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

"N kò mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí èèyàn dijú, ó ń dijú."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, gbogbo Òrè ti wà ní pápá, àwọn ará Òdìgbó náà dé. Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀. Ọ̀gá láti Òkìtìpupa dé ní aago mẹ́jọ, pẹ̀lú fìlà òyìnbó àti agbòjò lábẹ́ apá. Wọ́n fa àsíá sókè, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọrin. Ọ̀gá náà wá kọjú sí ẹṣin mẹ́jọ tó dúró lórí agbo wọn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rí i kó yí, kí òun tètè máa lọ. Òógùn bo Fọlárìn. Ìyá Elizabeth sì jáde láàrin èrò pẹ̀lú agogo rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká dijú," ló wí.

Ta ni yóò kọ àdúrà lọ́jọ́ òmìnira? Ọ̀gá ṣí fìlà, ó dijú. Ìyá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Nàìjíríà. Ó gbàdúrà fún Àríwá, ó gbà á fún Ìlà Oòrùn, ó wá pẹ́ gan-an lórí Ìwọ̀ Oòrùn torí ibẹ̀ là ń gbé. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Fọlárìn.

"Ó ti rọ̀?"

Fọlárìn fi ìka kan ìdí òpó. "Kò tíì rọ̀."

Ọ̀gá gbọ́. Ó la ojú kan, ó wo òkè, ó wo agbòjò rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún àwọn àgbẹ̀," ni Ìyá wí. Ó gbàdúrà fún kòkó, fún ẹ̀gẹ́, fún ọ̀pẹ. Ó gbàdúrà fún ojú ọ̀nà àti àwọn tó ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀. "Àmín. Ó ti rọ̀?"

"Ó kù díẹ̀."

"Yóò rọ̀, Ìyá?" ni ọ̀gá béèrè jẹ́jẹ́.

"Yóò rọ̀, bí oòrùn bá jáde."

Ọ̀gá ronú lórí èyí. Ó ṣí agbòjò rẹ̀. Nígbà tí àwọn èrò rí i pé ẹni tó mọ̀wé ṣí agbòjò, àwọn náà fi ọ̀já àti abọ́ bo orí.

Aago mẹ́wàá kọjá, àdúrà Ìyá ti dé Omifúnfun, ó ń dárúkọ ilé níkọ̀ọ̀kan. Aago mọ́kànlá, ìkùukùu ká, oòrùn yọ, ó mú bí iná. Ẹ̀mí ti gun àwọn ọmọ ìjọ kan, ara wọn ń gbọ̀n, wọ́n ti bọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ṣì dijú lábẹ́ agbòjò. Kò dájú pé kò sùn. Fọlárìn fi ìka kan ìdí òpó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìka rẹ̀ wọlé.

"Ìyá! Ó ti rọ̀!"

"Àmín," ni Ìyá Elizabeth wí.

Fọlárìn fi èjìká tì í. Agbo náà pariwo bí ẹnu ọ̀nà àtijọ́, ó sún díẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó sì yí. Ariwo tó sọ ní pápá yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Òdìgbó. Ọ̀gá la ojú, ó rí ẹṣin funfun tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, ó sì pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

"Iṣẹ́ ìyanu!" ni àwọn ọmọ ìjọ ń ké. Fọlárìn gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn pé oòrùn ni, pé ọ̀dà ló rọ̀, pé ìmọ̀ ni. Wọ́n ní àmín. Ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ọládùnní ló kọ́kọ́ gùn. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kó má bàa wọ́ nílẹ̀. Kò pariwo, kò dijú. Ó kàn ń wo bàbá rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Fọlárìn ṣì wà níbẹ̀. Òun ló ń tì í. Ó ní òógùn ló ń bọ́ sí òun lójú.

Lórí ẹṣin funfun lẹ́yìn ọmọ náà, Ìyá Elizabeth jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹṣin mú. Fọlárìn tì í yí po ní ìgbà mẹ́fà. Ó tì í ní ìgbà méje.

"Ìyá, ó tó."

"Ó tó kí ni?"

"Àwọn mìíràn náà fẹ́ gùn. Àwọn èèyàn ti tò lọ títí dé oríta. Wọ́n ń dúró."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti ń dúró?"

Fọlárìn mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọdún mẹ́ta, Ìyá."

"Tì í síwájú," ni Ìyá Elizabeth wí. "Ó ti mọ́ wọn lára."